Ìdí tí bàálù tuntun fi wọ́n lágbàáyé, àti bó ṣe kan ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá fẹ́ ra bàálù tuntun lónìí, bí owó bá tiẹ̀ wà nílẹ̀, orí ìlà ló máa tò sí. Ìlà náà sì gùn. Nígbà tí ọdún 2024 parí, bàálù tí àwọn oníbàárà ti béèrè lọ́wọ́ Airbus, tí wọn kò tíì rí gbà, lé ní 8,600. Bàálù 766 ni ilé iṣẹ́ náà sì kó jáde lọ́dún yẹn. Bí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọdún 11 ló wà nílẹ̀.

Ta ló ń ṣe bàálù gan-an?

Airbus ti Yúróòpù àti Boeing ti Amẹ́ríkà ló di ọjà bàálù ńlá mú. Embraer ti Brazil náà wà níbẹ̀, àmọ́ bàálù tó kéré sí tiwọn ló ń ṣe.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Broughton ní Wales ni Airbus ti ń ṣe ìyẹ́ apá bàálù rẹ̀, ó ń ṣe ara rẹ̀ ní Jámánì àti Faransé, kó tó to gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní Toulouse tàbí níbòmíràn. Ara Boeing 737, ìlú Wichita ni wọ́n ti ń ṣe é, ọkọ̀ ojú irin ló sì ń gbé e lọ sí Renton, nítòsí Seattle. Ẹ́ńjìnì tún wá láti ọ̀dọ̀ àwọn míì bíi CFM, Pratt & Whitney àti Rolls-Royce. Àwọn wọ̀nyí náà ń ra páàtì lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí aráyé kò mọ orúkọ wọn.

Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, iṣẹ́ dúró. Ní àárín ọdún 2025, nǹkan bíi 60 bàálù Airbus ni wọ́n ti tò tán, tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń dúró dè.

Kí ló fà á?

Àrùn kòrónà ló kọ́kọ́ dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́dún 2020. Àwọn tó ń ṣe páàtì dá òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà wá. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, Boeing ò ra titanium Rọ́ṣíà mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Pratt & Whitney kéde pé àbùkù wà nínú irin tí wọ́n fi ṣe àwọn ẹ́ńjìnì kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún bàálù A320neo ló wá jókòó sílẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ìṣòro Boeing tún yàtọ̀. Jàǹbá 737 MAX méjì, ní Indonesia lọ́dún 2018 àti Ethiopia lọ́dún 2019, pa èèyàn 346. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kú ní Ethiopia. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun tí wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn kan lára bàálù Alaska Airlines já lófurufú. Àwọn olùwádìí ní wọn kò fi bóòtù mẹ́rin tó yẹ kó dè é mú síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ àjọ FAA ní Boeing kò gbọdọ̀ ṣe ju 737 MAX 38 lọ lóṣù. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bíi 33,000 òṣìṣẹ́ gùnlé ìyanṣẹ́lódì. Bàálù 348 péré ni Boeing kó jáde lọ́dún náà.

Báwo ló ṣe kan Nàìjíríà?

Bí tuntun bá wọ́n, owó tí wọ́n fi ń yá bàálù lò á gbówó lórí, àwọn tó ti gbó á sì máa fò lọ. Bàálù tó bá gbó ń fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́. Àtúnṣe ńlá, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ń gbé e lọ, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Orí tíkẹ́ẹ̀tì ni ìnáwó yẹn ń já sí.

Ohun kan lè dín ìnira náà kù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà ilé ẹjọ́ lórí Àdéhùn Cape Town, kó lè rọrùn fún ẹni tó yá wa ní bàálù láti gba ohun ìní rẹ̀ padà bí gbèsè bá dé. Ẹni tó bá fọkàn balẹ̀ lè yáni ní owó tó mọ níwọ̀n.

Kí ni ká máa retí?

Ìlà kò ní tètè kúrú. FAA ti gba Boeing láyè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 láti máa ṣe 42 lóṣù. Ní oṣù Kejìlá, Boeing parí ríra Spirit AeroSystems, tó ń ṣe ara bàálù ní Wichita, kó lè máa fojú ara rẹ̀ ṣọ́ iṣẹ́ náà. Airbus náà ti gba àwọn ilé iṣẹ́ Spirit tó ń ṣiṣẹ́ fún un. Àmọ́ ẹ́ńjìnì ló ṣì máa sọ bí wọ́n á ṣe yára tó.