Ìkànnì Orin Láti Párísì: Ìtàn Trace àti Àyè Èdè Wa Lórí Rẹ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, ọdún 2003, ìkànnì orin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn láti ìlú Párísì lábẹ́ orúkọ tuntun, Trace TV. Kì í ṣe orí ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìkànnì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, MCM Africa, tí ó wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ Lagardère. Òun ni àwọn mẹ́ta kan rà tí wọ́n sì yí padà. Olivier Laouchez, ọmọ Martinique, ni ọ̀kan. Richard Wayner ni èkejì. Ẹni kẹta ni Claude Grunitzky, tí a bí ní Lomé. Nítorí ẹni kẹta yìí, àti nítorí ohun tí ìkànnì náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ èdè wa dà létí àwọn ọmọ wa, ni a ṣe rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkọ fún ẹgbẹ́ wa.

Kí a tó dé Párísì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè òrùlé tiwa. Ìbàdàn ni amóhùnmáwòrán ti bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá, ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá WNTV sílẹ̀. Tógò ní tirẹ̀ ní ọdún 1973. Ti Bẹ̀nẹ̀ tẹ̀lé e ní ìparí ọdún 1978. Ẹni tí ó ń gbé Àjàṣẹ́, Ìtakétẹ́, Ìpóbẹ́ tàbí Kétu kò jìnnà sí àwọn ilé amóhùnmáwòrán tí ó wà ní Èkó àti Abẹ́òkúta. Bí ó bá ri ọ̀pá antẹ́nà gíga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, àwòrán á wọlé. Àmọ́ ọ̀nà tí Nàìjíríà fi ń gbé àwọ̀ àti ohùn gba inú afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí Faransé fi lé wa lọ́wọ́. Nàìjíríà ń lo PAL. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lo SECAM. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún SECAM nìkan, bí ó bá gba àwòrán láti Èkó, dúdú àti funfun ni yóò fi hàn. Ohùn pàápàá kì í bá a wọlé, nítorí pé Nàìjíríà fi ohùn sí ibi tí ó jìnnà sí àwòrán ní 5.5 megahertz, nígbà tí ẹ̀rọ tiwa ń wá a ní 6.5. Báyìí ni ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ààlà ṣe lè jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó rí ẹnu olórin Èkó tí ń mì, kí ó má sì gbọ́ gbólóhùn kan nínú èdè tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sọ. Àwọn òpìtàn ti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣàlàyé ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàrin wa. Lójú tiwa, ẹ̀rọ yẹn ṣàlàyé rẹ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ó ń gba ọ̀nà méjèèjì dé ọjà, àwọn tí ọwọ́ wọn tó o kò fi ríra wọn falẹ̀.

Orin fúnra rẹ̀ kò dúró de àwòrán. Gnonnas Pedro, tí ó di olóògbé ní ọdún 2004, fi Yorùbá kọ "Feso Jaiye", orin náà sì di mímọ̀ ní Kútọnu àti ní Èkó láìsí fídíò kankan tí ó gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Angélique Kidjo, ọmọ bíbí Ouidah, tí ó kó lọ sí Párísì ní ọdún 1983. Ó gbé àwo orin kan jáde ní ọdún 1994, ó pè é ní Ayé. Fídíò orin "Agolo" tí ó wà nínú rẹ̀ wọ inú àwọn tí a yàn láti du ẹ̀bùn Grammy. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé fídíò lè gbé ohùn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ dé ibi tí rédíò wa kò lè dé láéláé, bí a bá rí ẹni tí yóò fi í hàn.

Àwọn tí yóò fi í hàn ti ń pọ̀ sí i nígbà náà. MTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1981. Àwọn Faransé dá MCM tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1989, MCM Africa sì jáde láti ara rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ Faransé. Satẹ́láìtì ni ó ń gbé e, àwo ńlá orí òrùlé àti dìkódà ni a sì fi ń gbà á, nítorí náà ilé ọtí, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn olówó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí i. Orin Kóńgò, zouk ti àwọn erékùṣù Antilles àti rap Faransé ni a máa ń bá pàdé níbẹ̀. Magic System ti Kodivúà fi "Premier Gaou" gba gbogbo ìta ní àkókò yìí: ọdún 1999 ni ó jáde, ọdún 2002 ni àwọn Faransé fúnra wọn ń jó o.

Ní ìhà kejì, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn. Ilé-iṣẹ́ M-Net ní Gúúsù Áfíríkà dá Channel O sílẹ̀ ní ọdún 1997. MTV Base tẹ̀lé e fún Áfíríkà ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2005; òun ni ó pé ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ìkànnì orin tí MTV ní káàkiri ayé, "African Queen" tí 2Face Idibia kọ sì ni fídíò àkọ́kọ́ tí ó fi hàn. Channel O àti MTV Base wà lórí dìkódà DStv. MCM Africa, àti Trace tí ó jogún rẹ̀, wà lórí dìkódà àwọn Faransé. Ìṣòro PAL àti SECAM ti tán, ṣùgbọ́n ààlà kò tán. Inú àpótí kékeré abẹ́ amóhùnmáwòrán ni ó kó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Claude Grunitzky. Ara ẹbí Nicolas Grunitzky ni, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ Tógò láti ọdún 1963 di ọdún 1967, tí a sì bí ní Atakpamé, ìlú tí àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò, ẹ̀yà kan nínú ìdílé èdè wa, fi ṣe ilé. Lomé, Washington, Párísì àti Lọ́ńdọ̀nù ni Claude ti gbé kí ó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1996, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí ó pè ní Trace, nípa orin hip-hop, aṣọ wíwọ̀ àti ìgbé ayé àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn wà ní ìlú méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ara ìwé ìròyìn yìí ni ìkànnì náà ti gba orúkọ. Laouchez, ní tirẹ̀, ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Secteur Ä, ilé orin tí ó gbé rap Faransé dé ìgbèríko Párísì àti kọjá rẹ̀. Owó wá láti ọ̀dọ̀ Goldman Sachs ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Tógò, ọmọ Martinique àti owó New York: ìyẹn ni àwọn ohun tí a pò pọ̀, kì í sì í ṣe ìjọba orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan ni ó pò wọ́n. Grunitzky fi ìkànnì náà sílẹ̀ nígbà tí ó yá, ó sì dá True Africa sílẹ̀ ní ọdún 2015. Laouchez ni ó dúró tì í.

Ní ọdún 2011 ni Trace Africa dé, ìkànnì tí orin Áfíríkà nìkan wà fún. Kí òǹkàwé tó yọ̀ jù, ó yẹ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ìkànnì ni ó ń ya fídíò. Kì í yà á. Olórin, tàbí ẹni tí ó ń náwó fún un, ni ó ń san owó kámẹ́rà, iná, ibi ìyàwòrán, oníjó àti ẹni tí ń gé àwòrán. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi í ránṣẹ́. Nígbà kan, kásẹ́ẹ̀tì Betacam ni ó ń gba ọkọ̀ òfuurufú lọ, kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìkànnì á wò ó. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn, bí ohùn bá há, wọn kò ní gbé e, bí ó ti wù kí orin náà dùn tó. Bí wọ́n bá gbà á, wọn á pinnu iye ìgbà tí yóò jáde lójúmọ́. Nítorí náà ìlú tí owó wà ni fídíò ti ń pọ̀. Èkó ní owó. Ó sì ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ bí Clarence Peters, ọmọ Shina Peters olórin jùjú, tí ó ya fídíò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń wò. Nígbà tí 9ice gbé "Gongo Aso" jáde ní ọdún 2008, tí òwe Yorùbá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ẹni tí ó ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ kí a tó fi í hàn. Ọdún kan náà ni ó gba ẹ̀bùn hip-hop níbi àkọ́kọ́ nínú àwọn ayẹyẹ ẹ̀bùn MTV fún Áfíríkà, ní Abuja. Ohun ńlá ni èyí fún èdè wa, a kò sì gbọdọ̀ kéré rẹ̀: èdè tí àwọn olùkọ́ kan ń na ọmọ nítorí rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Faransé ti di èdè tí àwọn ọmọ Dùálà àti Àbíjáǹ ń fẹnu sọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Ẹbí Trace pọ̀ sí i lẹ́yìn náà: Mziki fún ilẹ̀ Swahili, Kitoko fún orin Kóńgò, Toca fún àwọn tí ń sọ èdè Potogí, Brazuca fún Bràsíìlì, Naija fún Nàìjíríà. Ẹ wò ó dáadáa. Swahili, tí ó ta kọjá ààlà orílẹ̀-èdè púpọ̀, rí ìkànnì kan gbà gẹ́gẹ́ bí èdè. Yorùbá pẹ̀lú ta kọjá ààlà, ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ Nàìjíríà ni a kó o sí. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo, "Francophone" ni yóò jẹ́ nínú ìwé àwọn onítẹlifíṣọ̀n. MTV náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Durban, ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Davido ni olórin ọkùnrin tí ó tayọ, Tiwa Savage ni obìnrin tí ó tayọ. Toofan, àwọn méjì láti Lomé tí èdè Mina kún ẹnu wọn, gba ẹ̀bùn "Francophone". Ẹ̀bùn gidi ni, ó sì tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ni a ti fi í fún wọn. Nígbà tí Trace ṣe ayẹyẹ ẹ̀bùn tirẹ̀ ní Kigali ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, fún ogún ọdún tí ó ti dá sílẹ̀, ìpín bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àbájáde rẹ̀ ń hàn nínú ilé. Àwọn ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́ ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu olórin Èkó, wọ́n sì ń rò pé òun ni Yorùbá gidi, pé ti ìyá ìyá wọn jẹ́ ti oko. A kò bínú sí Èkó. Ṣùgbọ́n Kétu ni ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú ń tọ́ka sí bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde bí iṣẹ́ àgbà ní ọdún 2001 tí ó sì wọ ìwé ogún aráyé ní ọdún 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò papọ̀. Orin ẹ̀fẹ̀ òru tí ń ṣáájú ijó ojú ọ̀sán ni ibi tí èdè Kétu ti jinlẹ̀ jù. Ẹlẹ́fẹ̀ á júbà, á súre, á wá mú àwọn tí ó hùwà ìbàjẹ́ ní ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìlú á sì máa gbè é. Fídíò orin ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí a bá gé ẹ̀fẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìjúbà nìkan ni yóò kù, tàbí èébú nìkan. Kì í ṣe gbogbo orin ni ìkànnì lè gbà, àwọn tí ń fẹ́ kí a gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ sórí Trace bí ó ti wà yìí kò rò ó dé ìdí. Ohun tí ó ṣe é béèrè ni àyè fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ dàgbà, tí wọ́n sì ń fi ohùn rẹ̀ ṣe orin tuntun, kí a má fi orúkọ Faransé pè wọ́n.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ parí ríra MultiChoice, ilé-iṣẹ́ tí ó ni DStv àti Channel O. Dìkódà Èkó àti dìkódà Kútọnu ti bọ́ sọ́wọ́ olówó kan náà. Bí a bá fẹ́ kọ lẹ́tà nípa èdè tí ó wà ní ìhà méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ni a ó kọ ọ́ sí nísinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ Párísì náà ni ó sì ń gbé.