Ìtàn Ìwádìí Arán láàárín Àwọn Àgbà Yorùbá

Ní Akínmọ̀rìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Fìdítì àti Ìlọrà, bí àgbàlagbà bá ń ṣi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè, tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, wọn a ní ó ń ṣarán. Àwọn kan gbà pé ogbó ni ó fà á; àwọn mìíràn a di ẹ̀bi rẹ̀ ru àjẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ọpọlọ ni, ó sì ní ìtàn.

Ní 1906 ni Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé irú rẹ̀ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àbùdá àjogúnbá kan, APOE, èyí tí ó jẹ mọ́ bí ara ti ń ru ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, ní ẹ̀yà kan, e4, tí ó ń mú ewu àìsàn náà pọ̀ sí i. Aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní 1992, B. O. Ọṣuntokun àti Adesọla Ogunniyi ti Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie láti Indianapolis, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbà Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti pé ọdún 65. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ti Indianapolis. Nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò lọ sí ilé-ìwé, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ṣe fún àwọn Cree ti Kánádà ni a yí sí Yorùbá. A sì ń bi ẹbí bí ìṣe àgbà náà ti yí padà. Ọṣuntokun jáde láyé ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró.

Ní 2001 wọ́n kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àìsàn Alzheimer ń mú 1.15 lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 ní Indianapolis. Síbẹ̀ e4 kò ṣọ̀wọ́n láàárín Yorùbá. Nítorí náà, ohun tí a jogún nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Kọlẹ́sítẹ́róòlù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Indianapolis. Ní 2006 ó hàn pé láàárín àwọn Yorùbá tí kò ní e4, bí ọ̀rá yìí bá ti pọ̀ tó ni ewu náà ń pọ̀ tó. A kò rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ó ní in. Ní 2014 a sì rí i pé ẹni tí ó jogún e4 lọ́dọ̀ baba àti ìyá papọ̀ kò bọ́ nínú ewu.

Pé ohun méjì ń rìn pọ̀ kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ti fi yé ni pé arán kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe kádàrá tí a jogún lásán. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu: ìtọ́jú ni ẹ̀tọ́ arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra, kì í ṣe ẹ̀sùn.