Májèlé Tó Dùn Lẹ́nu

Ẹni tó bá ń ti àárín ìlú Bìní lọ sí Èkó, Uselu ni yóò gbà kọjá. Ilé àrẹ̀mọ ni Uselu. Ibẹ̀ ni Edaiken, tí í ṣe àrẹ̀mọ Ọba Bìní, ti ń jókòó kó tó gorí ìtẹ́. Ibẹ̀ náà ni Ọba Esigie kọ́ ààfin sí fún Idia ìyá rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Lónìí, ọjà ńlá wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ti ọjà náà sún díẹ̀ síwájú, ó di Ugbowo, níbi tí Yunifásítì Benin ti ń kọ́ àwọn apòògùn níṣẹ́. Láti ọjà dé yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, ìrìn kékeré ni, àmọ́ ó pẹ́ gan-an kí oògùn tó rìn ín.

Nídìí ìsọ̀ ẹléwé, ẹni tó ń rajà gan-an ni olùyẹ̀wò. Á ṣẹ́ èèpo igi, á gbóòórùn rẹ̀, á fi kan ahọ́n. Dóńgóyárò tí kò bá korò kì í ṣe dóńgóyárò, kò sí iyàn níbẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà mọ ìgbà tí ẹléwé bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Oògùn òyìnbó ló ba ètò yìí jẹ́. Ní 1887 ni Richard Zaccheus Bailey ti ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹfun tí wọ́n tẹ̀ di róbótó àti oògùn ibà tó péye, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Ní 1988, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn nínú ọjà, ní gárèèjì tàbí nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì Bìní sí Èkó láti ìgbà náà yóò mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ràn sí òfin ọ̀hún tó.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ahọ́n jẹ́rìí èké. Ọmọdé 109 ló kú ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990 lẹ́yìn tí wọ́n mu pàrásítámọ̀ olómi. Torí pé ara wọn gbóná ni wọ́n ṣe fún wọn. Kò pẹ́, ìtọ̀ wọn dá, kíndìnrín kọṣẹ́. Propylene glycol ló yẹ kí wọ́n fi po oògùn náà. Diethylene glycol ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Omi méjèèjì mọ́ kedere, wọ́n ki, wọ́n sì dùn. Ìyá tó bá tọ́ ọ wò kó tó fún ọmọ kò ní rí ìdí kankan láti dà á nù. Ní Amẹ́ríkà, májèlé yìí kan náà ti pa èèyàn tó lé ní 100 ní 1937, ikú wọn ló sì bí òfin oògùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ahọ́n kò lè sọ, àwo pẹlẹbẹ kan lè sọ ọ́. Onímọ̀ kẹ́míkà á lọ hóró oògùn kúnná, á pò ó mọ́ methanol, á fi ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ kán ẹ̀kán kan sí ìsàlẹ̀ àwo tí wọ́n fi ìyẹ̀fun silica bò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni á kán ojúlówó sí. Á gbé àwo náà nàró sínú ìgò tí kẹ́míkà olómi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á dé e. Omi ọ̀hún á máa fà gòkè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, á máa gbé oògùn lọ. Bó bá gbẹ, wọ́n á tan iná ultraviolet sí i, àmì dúdú á sì yọ. Bí àmì méjèèjì kò bá ga dọ́gba, oògùn mìíràn ni wọ́n ń tà. Bí ti ẹni tó ń tà bá kéré tó sì ṣá, wọ́n ti bù ú kù. Bí nǹkan kan kò bá yọ, ẹfun ni.

Òfin 1993 ló dá NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀. Ní 2001 ni Dora Akunyili gba àkóso rẹ̀, apòògùn tí insulin ayédèrú ti pa àbúrò rẹ̀ ní 1988. Lọ́dún 2001 yẹn náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: nínú oògùn 581 tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù 35 ní Èkó àti Àbújá, 279 ni kò pójú òṣùwọ̀n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kò ní oògùn nínú rárá. Èyí tó pọ̀ jù, díẹ̀ ló fi dín tàbí fi lé. Ìyẹn gan-an ló burú. Ọ̀daràn nìkan kọ́ ló wà nídìí rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í yẹ iṣẹ́ ara wọn wò náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀daràn kò kúkú sùn: ní oṣù Kejìlá 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ Akunyili, ọta gba gèlè rẹ̀ kọjá, ó ha á lórí.

Ní 2008, omi dídùn yẹn tún padà wá, nínú oògùn eyín ọmọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kéré tán, ọmọ 84 ló kú. Oníṣòwò kẹ́míkà kan l'Ékòó ló ta diethylene glycol bí ẹni pé propylene glycol ni. Àyẹ̀wò tó lè tú àṣírí rẹ̀ ti wà tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó ṣe é kí wọ́n tó po oògùn.

Láti 2010 ni NAFDAC ti ń lo Truscan, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé tó ń tan iná lésà sí oògùn láti inú ọ̀rá tó mọ́ kedere, láì ya á. Iná náà kì í la bébà fàdákà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè rí májèlé tí kò pọ̀ nínú ìgò omi ṣúgà. Ti oògùn olómi tọmọdé, ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ṣì ń gbé e lọ.