Ọwọ́ tó ń tu ara: láti ilé ìyá àgbà dé UCH, títí dórí ẹní yoga ní Bódìjà 🧵

1/ Másáàjì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń rẹ́rìn-ín kọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá jókòó. Yoga ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Bódìjà, mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi yoga àti ọwọ́ tọ́jú ara tó ń dunni. Ìtàn iṣẹ́ yìí gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, Ìbàdàn sì wà nínú rẹ̀ dáadáa.

2/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Tí ìyá àgbà bá wẹ̀ ẹ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́, o ti gba ìtọ́jú yìí rí. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kànìnkànìn, òrí tàbí àdí àgbọn. Wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ gbogbo oríkèé. Ọmọ ń ké, ìyá àgbà ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ìyá ọmọ náà ò gbẹ́yìn: aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ níkùn, kí ara lè bọ̀ sípò.

3/ Tí eegun bá sì kán, àwọn tó ń to eegun wà. Iṣẹ́ ìdílé ni, bàbá ló ń kọ́ ọmọ. Igi tàbí òparun, okùn, òrí, ewé. Èèyàn ṣì ń lọ sọ́dọ̀ wọn títí dòní. Wọ́n mọṣẹ́ o, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á kú, ilé ìwòsàn ni wọ́n á ti gé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

4/ Ká kọjá sí London, 1894. Ẹ̀rín kọ̀rọ̀ tí ẹ rín lẹ́ẹ̀kan yẹn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rín in. British Medical Journal, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pariwo pé ilé másáàjì kan wà tó jẹ́ ilé aṣẹ́wó ni. Kí wá làwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn máa ṣe? Ṣé kí wọ́n fi í sílẹ̀ ni?

5/ Obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Rosalind Paget àti Lucy Robinson wà lára wọn. Wọ́n ṣòfin: ìdánwò pọn dandan, ẹni tí dókítà ò bá rán sí ọ, má fọwọ́ kàn án. Ní 1920 ọba fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló ń jẹ́ Chartered Society of Physiotherapy lónìí. Ẹ ò rí i? Físíò tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, inú ẹ̀gàn másáàjì ló ti jáde. Òfin ló yọ wọ́n.

6/ Ó dé Nàìjíríà ní 1945, ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, Èkó. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì nílò ìtọ́jú, ni wọ́n bá mú físíò méjì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. UCH ṣí nílùú wa ní 1957. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ dìgírì físíò, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1988, òfin dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀.

7/ Yoga ńkọ́? "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn?" Mi ò ní parọ́: inú ẹ̀sìn àti ìmọ̀ àwọn Híńdù ló ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń tọ́jú ara ní ìtàn tiẹ̀. Ní 1924, Kuvalayananda dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lonavla, ní Íńdíà, ó fẹ́ fi ìwádìí sáyẹ́ǹsì mọ ohun tí yoga ń ṣe nínú ara.

8/ Lẹ́yìn ẹ̀ ni B.K.S. Iyengar. Wọ́n bí i ní 1918, àìsàn ni wọ́n fi tọ́ ọ: ibà, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní 1934 ó lọ sọ́dọ̀ Krishnamacharya, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ní Mysore. Yoga ló fi gbádùn. Nígbà tó wá di olùkọ́ ní Pune, ó ń fi àga, okùn, bẹ́líìtì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé ara aláìsàn ró, kí ẹni tí kò lè tẹ̀ náà lè tẹ̀. Ìwé ẹ̀, Light on Yoga, jáde ní 1966.

9/ 1966 o. Ọdún kan náà tí UI bẹ̀rẹ̀ físíò. Èyí kò mọ ìyẹn, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: kí la lè ṣe fún ara tó ń dunni, yàtọ̀ sí oògùn àti ọ̀bẹ?

10/ Ṣé ìbílẹ̀ àti ilé ìwòsàn lè jọ ṣiṣẹ́? Wọ́n ti ṣe é rí nítòsí wa. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn alárùn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó di olórí Yunifásítì Ìbàdàn. Kò fi ìbílẹ̀ ṣẹ̀sín, kò sì gbé ilé ìwòsàn sílẹ̀.

11/ Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ yoga tó wọ́pọ̀ jù, wákàtí 200 ni. Kò sọ ẹnikẹ́ni di físíò. Nítorí náà, dẹ́rẹ́bà Challenge tí ìjókòó ti le ẹ̀yìn ẹ̀, ọmọ Agbowó tó tẹjú mọ́ láàpútọ́ọ̀pù mọ́jú, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́sẹ̀ bá ti kú tipiri, tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbá ọ, mi ò ní fọwọ́ kàn ọ́. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí ọ. Kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni pàápàá, mo máa ń tọrọ àyè. Ẹ rántí ẹsẹ̀ tí wọ́n dì jù: ọwọ́ tó mọṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ewu ni.

12/ Ẹni tó bá ní ìyá àgbà láàyè, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń na ọmọ: apá ló ń ṣíwájú ni àbí ẹsẹ̀? Kí ni wọ́n fi ń pa á lára? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ti Íńdíà wà nínú ìwé, ti London wà nínú ìwé. Tiwa ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, àwọn ìyá sì ń dàgbà.