Àtẹ nínú Google Docs

Àtẹ nínú Google Docs ni ètò tí a fi ń to ọ̀rọ̀ àti iye sí ìlà ìbú àti ìlà òòró nínú ìwé tí a ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ìlà ìbú kan ti pàdé ìlà òòró kan ni à ń pè ní àpótí. Ibẹ̀ ni a ń kọ ọ̀rọ̀ sí tàbí fi àwòrán sí. Google Docs ṣẹ̀ wá láti ara Writely, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Upstartle tí Google rà ní ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ ṣí àtẹ kan náà, kí kálukú máa kọ tirẹ̀ láìdúró de ẹnìkejì.

Dídá àtẹ

Lórí kọ̀ǹpútà, a ó tẹ “Insert”, a ó tẹ “Table”, a ó sì fi máòsì yan iye ìlà tí a fẹ́, tí kò ní ju 20 ní ìbú àti 20 ní òòró lọ. Àtẹ náà ṣì lè gùn sí i: bí a bá tẹ bọ́tìnì Tab nínú àpótí tó kẹ́yìn, ìlà tuntun yóò yọ nísàlẹ̀. Tab yìí náà ló ń gbé wa láti àpótí kan bọ́ sí èkejì. Lórí fóònù, àmì ìròpọ̀ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀.

Àtúnṣe

Bí a bá fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ inú àtẹ, a lè fi ìlà kún un, a lè yọ ìlà kúrò, a sì lè yí àwọ̀ àpótí padà. Bí a bá yan àpótí mélòó kan, a lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ìlà òòró bá fún jù, a ó fa etí rẹ̀ kí ó lè fẹ̀. Láti ọdún 2021, a lè to àtẹ bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò, a sì lè so ìlà àkọlé mọ́ òkè kí ó máa hàn ní gbogbo ojú ìwé tí àtẹ dé.

Ìṣirò

Àtẹ Google Docs kì í ro owó pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájọ bá fẹ́ mọ àpapọ̀ owó oṣooṣù, inú Google Sheets, ètò Google fún ìṣirò, ni kó ti ṣe ìṣirò náà, kó tó da àtẹ rẹ̀ kọ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ kí méjèèjì wà ní síso pọ̀, títẹ “Update” ni yóò mú iye tuntun wọlé nígbà tí ti Sheets bá yí padà.

Àtẹ tó yé èèyàn

Ẹni tí kò ríran ń fi ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí gbọ́ àtẹ ní àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá da àpótí pọ̀ láìnídìí, kò ní mọ àkọlé tí iye kan bá lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ìlà òòró kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tó ṣe kedere, kí ó sì gba irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: orúkọ lọ́tọ̀, oṣù lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀. Àǹfààní ètò yìí kan ẹni tó ń fojú kà á pẹ̀lú.