Ẹnu Kèrègbè: Ìtàn Iṣẹ́ Àtinúwá Àwọn Ọmọ Ọdún 11 sí 14 ní Ilẹ̀ Yorùbá

 

Ìbéèrè obìnrin kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí n kò ní dárúkọ, fún ọmọ yìí ní ìwé kan tí wọ́n fa ìlà sí gbọọrọgbọ: kí ó lọ wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún 20 wákàtí, kí ẹni tí ó bá gbà á sì fọwọ́ sí i, kí ó lu òǹtẹ̀. Ìyá ọmọ ti dé ilé-ìwòsàn. Ó ti dé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Níbi gbogbo ni wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ náà kéré jù. Ó wá bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Níbo ni ẹ rò pé mo lè mú ọmọ yìí lọ tí yóò ti wúlò?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó ń yí lọ́kàn mi ni pé bí ó bá jẹ́ ìyá-ìyá mi ni a bi ní ìbéèrè yìí, kò ní yé e rárá. Láyé tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wá iṣẹ́ fún ọmọ ọdún 12. Iṣẹ́ ni ó ń wá ọmọ kiri.

Àṣà ìwé onílà yìí, a yá a lò ni. Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ wọn fi lélẹ̀ ní ọdún 1992 pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kò gbọdọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí girama láìjẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ fún ìlú fún wákàtí 75, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àárín, èyí tí ó ṣe déédéé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ girama tiwa. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ agbègbè níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà sínú ẹ̀kọ́ kíláàsì, tí olùkọ́ sì ń mú àwọn ọmọ dání. Àwa mú ìwé wá, a gbàgbé ètò sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí oko. N. A. Fádípẹ̀, ẹni tí ó kú ní ọdún 1944 tí ìwé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá kò sì jáde ní Ìbàdàn títí di ọdún 1970, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe àlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ a ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹnì kejì lọ́la. Iṣẹ́ tí o bá mi ṣe, gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn mi. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ro oko àna rẹ̀ ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ohun mímu ni ó sì fi ń ṣe àlejò àwọn tí ó bá wá. Níbi ọ̀wẹ̀ ilé mímọ, ọmọ ọdún 11 kò dúró wòran. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pọn omi tí a fi ń po amọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń gbé ìṣù amọ̀ fún àwọn àgbà tí ń mọ ògiri. Ní àwọn ìlú Èkìtì kan, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ni ó ni gbígbá ìta àti ríro ọ̀nà odò, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn géńdé ti ni iṣẹ́ tí ó ju ìyẹn lọ. Ọmọ kò bèèrè ibi tí òun ti lè wúlò, nítorí pé bí ọ̀nà odò bá dí, ilé ìyá òun náà ni omi yóò ti wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo fẹ́ yin ayé àtijọ́ ní àyìnjù. Ìwọ̀fà wà nígbà náà. Ọmọ kan ń ro oko ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti orin, ọmọ kejì, ọjọ́ orí kan náà, ń ro oko olówó nítorí gbèsè tí bàbá rẹ̀ jẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé owó náà. Àlejò tí ó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà kò lè mọ ìyàtọ̀. Ọkọ́ kan náà ni, oòrùn kan náà ni. Ìyàtọ̀ náà wà nínú ohun tí ojú kò rí: ta ni iṣẹ́ náà ń ṣe lóore, àti pé ǹjẹ́ ọmọ yìí lè sọ ọkọ́ kalẹ̀ kí ó máa lọ sílé? Ìbéèrè méjì yìí ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, ọ̀rọ̀ náà tún dàrú sí i, nítorí pé wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ ìlú bo iṣẹ́ àfipáṣe mọ́lẹ̀ lójú títì àti lójú irin. Ní ọdún 1930, àdéhùn kan lórí iṣẹ́ àfipáṣe jáde ní Geneva, Ìlú Ọba sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1931. Àdéhùn náà sọ pé níwọ̀n ìgbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá tíì kásẹ̀ ńlẹ̀, ọkùnrin tí ó ti tó ọdún 18 tí kò sì ju 45 lọ nìkan ni a lè mú, kí a má sì fọwọ́ kan olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá yọ iṣẹ́ kéékèèké tí ará ìlú ń ṣe fún ara wọn sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé a bi àwọn ará ìlú tàbí aṣojú wọn léèrè bóyá iṣẹ́ náà tọ́ ní ṣíṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìlà yìí, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn amòfin Geneva ti rìn títí wọ́n fi dé ìdí ọ̀wẹ̀.

Àwọn ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ Boys' Brigade, tí William Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, dé Èkó ní ọdún 1908. Boy Scout tẹ̀lé e ní ọdún 1915, Girl Guide sì dé ní ọdún 1919. Ẹ mọ̀ pé ibi ogun ni èrò Boy Scout ti kọ́kọ́ sọ sí Baden-Powell lọ́kàn: nígbà tí wọ́n dó ti ìlú Mafeking ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà láàárín ọdún 1899 sí 1900, àwọn ọmọdékùnrin ni wọ́n ń jíṣẹ́ káàkiri ìlú kí àwọn àgbàlagbà lè ráyè jagun. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí kọ́ ọ̀pọ̀ bàbá wa ní ìmọ́tótó, ìlù lílù àti ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa. Síbẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ ń náni lówó, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra fìlà àti bẹ́líìtì a sì máa dúró lẹ́yìn ọgbà wò wọ́n.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni a dé wàyí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwa tí a máa ń pa òwe yìí, ìdá kìn-ín-ní ni a sábà máa ń gbà gbọ́. Ìmọ̀ ìwé ni ó sọ ìdá kejì di òótọ́ tí a lè fojú rí. Lójijì, ní agbo-ilé kan, ọmọ ọdún 12 ní ohun kan lọ́wọ́ tí olórí ẹbí kò ní.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1932 ni àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọlọ́jà, ìwé kíkà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ọdún 1946 ni ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà. Ọ̀rọ̀ owó orí gbóná títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní ọdún 1934, fi yé wa nínú Aké, ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1981, pé òun wà níbẹ̀ ní ọmọdé: ó ń ran àwọn ìyá lọ́wọ́ nídìí ìwé kíkà, ó sì ń jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí ìjà gbóná. Ẹnikẹ́ni kò fún un ní ìwé kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Wọ́n nílò ẹni tí ó mọ ábídí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Òun sì wà nítòsí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba tèmi níhìn-ín. Mo dàgbà ní agbègbè Èjìgbò, níbi tí agbo-ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn kò ti pọ̀. Mo wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982. Láti ìgbà náà ni mo ti di akàwé agbo-ilé wa. Bí awakọ̀ bá ti já lẹ́tà sílẹ̀ láti Àbíjàn, wọn a ní kí wọ́n pè mí wá. Mo mọ ẹni tí ó ń jẹ gbèsè, mo mọ ẹni tí ó fẹ́ gbé ìyàwó kejì, n kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1983, ìyá àgbà kan tí a ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ fún mi ní lẹ́tà. Kíkí ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ojú mi ti sáré ṣáájú ẹnu mi, mo sì rí i ní ìlà kẹfà pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ṣaláìsí. Ọmọ ọdún 12 ni mí. Mo mọ̀ pé a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọmọ báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹnu mi kọ́ ni ó yẹ kí ó ti gbọ́ ọ. Mo ń ka kíkí lọ. Mo fi kíkí kún kíkí. Mo ní ó ní kí ẹ máa tọ́jú ara yín, mo ní ó ní òjò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo ká lẹ́tà náà, mo sọ pé mo fẹ́ lọ fi han ẹnì kan nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ọwọ́ kíkọ rẹ̀ kò já gaara. Ọ̀dọ̀ baálé ni mo gbà lọ. Ó tẹ́tí títí mo fi kà á tán, ó ní, "O ṣeun. Jókòó síbí, má tíì jáde." Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni àwọn àgbà lọ bá Ìyá Ẹlẹ́kọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó pè mí. Ó ní, "Ìwọ ni o kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo òru ọjọ́ yẹn, mo ṣì lọ́mọ." N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ọ̀dọ̀ mi náà ni ó ṣì ń mú lẹ́tà wá títí mo fi kúrò nílé.

Ní ọdún kan náà, olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ mi ń kó wa lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó pè é ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì fún wa ní máàkì. Ẹni tí kò bá lọ, ẹgba ni. Èyí ni ó wà nínú ìwé èsì ìdánwò mi títí dòní. Lẹ́tà Ìyá Ẹlẹ́kọ kò sí níbẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ọmọdé láwùjọ? Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 gbé iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Oore ńlá ni, n kì í sì í ṣe ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n ó kó ọmọ kúrò lóko àti lójú ọ̀nà odò láti àárọ̀ di ọ̀sán, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fi ohun kan dípò àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Táí Ṣólárìn gbìyànjú rẹ̀ ní Mayflower, ilé-ẹ̀kọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, òun náà sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Àwọn kan bú u pé ó ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di alágbàṣe. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé àwọn tí wọ́n gbin oúnjẹ náà ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ìjọba ológun ní tirẹ̀ fẹ́ ọ̀nà kúkúrú. Ní ọdún 1973, ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn tí wọ́n ti ka ìwé gboyè ni. Ní ọdún 1984 WAI dé. Láìpẹ́ ìmọ́tótó àyíká ọjọ́ Sátidé tẹ̀lé e, a sì ń gbálẹ̀ nítorí pé sójà wà ní títì. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ti oṣooṣù náà ní ọdún 2016, n kò gbọ́ pé ọmọdé kan sunkún.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 tún wá fi odi yí ọmọ ká: iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ lábẹ́ ẹbí rẹ̀, nínú oko tàbí nínú ilé, ni ó fàyè gbà á láti ṣe. Odi náà dára, nítorí pé àwọn olówó ẹ̀gẹ́ kò tíì tán. Bí ilé-ìwòsàn bá sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ kéré jù, n kò dá wọn lẹ́bi.

Nígbà tí mo ronú dé ibẹ̀ ni mo ránṣẹ́ pe obìnrin náà padà. Mo ní kí ó má lọ sí ọ́fíìsì kankan mọ́. Mo ní kí ó wo àdúgbò rẹ̀, kí ó wá ẹnu kèrègbè: kí ni ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe tí àgbà tí ó wà nítòsí kò mọ̀ ọ́n ṣe, tí ó sì ń yọ àgbà náà lẹ́nu? Kí òun fúnra rẹ̀ bi àgbà náà léèrè bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kí ó má jẹ́ kí ọmọ dá lọ. Bí ó bá sì sú ọmọ, kí ó jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tìyá-tọmọ wá sílé mi. Aránṣọ kan ní òpópónà wọn, ẹni ọdún àádọ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n rí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò lè ka ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka ara ike oògùn rẹ̀. Ọmọ náà ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé, ìyá rẹ̀ a sì jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá náà, ó sì kọ ìwọ̀n aṣọ sílẹ̀ fún un ní gàdàgbà. Mo bi ọmọ náà bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ti ka wákàtí rẹ̀ sí i. Ó ní rárá, wọ́n ní aránṣọ kì í ṣe àjọ, kò sì ní òǹtẹ̀.

"Ṣé o wá dáwọ́ dúró ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó kan tí wọn yóò gbé jáde ní Sátidé tí ń bọ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìwé onílà náà sílẹ̀ fún mi. Ó wà nínú àwọn ìwé mi títí di òní, orúkọ ọmọ náà nìkan ni ó sì wà lórí rẹ̀.