Kíká Ohùn Sílẹ̀ Nínú Ilé Àjọgbé ní Jojú, Sàǹgó-Ọ̀tà

Kíká ohùn sílẹ̀ nínú ilé àjọgbé ni kí olórin, oníwàásù tàbí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi máìkì àti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ká ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá tó háyà, níbi tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín òun àti ará ilé kejì. Ní Jojú, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ní Sàǹgó-Ọ̀tà, ojú méjì ni ìṣòro iṣẹ́ náà ní. Ariwo ìta ń wọlé bá olórin, ohùn olórin náà sì ń jáde lọ bá aládùúgbò.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà kó tó di ìlú ilé iṣẹ́. Lónìí, tírélà ń pariwo lójú títì tọ̀sán tòru, jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ojúlé sí ojúlé bí iná bá ti lọ, ìsọ́ òru sì ń lọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olórin dúró de aago méjì òru, nígbà tí ìgboro bá ti rọ̀. Wákàtí yẹn gan-an sì ni oorun ará ilé dùn jù. Ọ̀sán pàápàá ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ṣíìfù òru á wọlé láàárọ̀, á wẹ̀, á jẹun, á sì sùn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí olórin rò pé gbogbo ayé ti jí, òru ni lójú tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọrin níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí ará ilé rẹ̀ ń ṣe kó tó wo aago.

Nígbà kan rí, kò sí bí èèyàn ṣe lè ká ohùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ká àwọn orin Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, kò tíì sí máìkì oníná nínú iṣẹ́ náà. Ẹnu ìwo ńlá ni olórin ń kọ ọ́ sí, ohùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára tó láti mi abẹ́rẹ́ tó ń fín in sára àwo. Láti 1925 tí máìkì oníná ti gbòde ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ti wọ inú àwo. Ní 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, owó ńlá sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbà. Lónìí, láptọ́ọ̀pù kan tó ní ètò ìkáhùn FL Studio nínú, tàbí fóònù tó ní irú rẹ̀, BandLab, ti tó fún ọmọ tó ń gbé self-contain. Olórin Amẹ́ríkà Billie Eilish àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas ṣe àwo tí wọ́n gbé jáde ní 2019 nínú yàrá ilé òbí wọn ní Los Angeles. Ohùn ìsọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ni Billie fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù ní 2020.

Ohun tó ń bí aládùúgbò nínú jù kì í sábà jẹ́ ohùn olórin. Sípíkà ni. Tí bíìtì kan bá ń dún léraléra nígbà ogójì, béèsì rẹ̀ á gba inú ògiri kọjá, á mi ìbùsùn ẹni tó wà lódì kejì. Hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa ló ń yanjú ìyẹn, nítorí pé olórin nìkan ló ń gbọ́ ìlù. Ó tún ń gba iṣẹ́ náà là, torí tí sípíkà bá ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì, ìlù á wọ inú ohùn, kò sì ní ṣeé yọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń náwó sí fóòmù tàbí páálí ẹyin lára ògiri nítorí aládùúgbò. Àṣìṣe ni, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó fi owó oṣù rẹ̀ ra fóòmù báyìí. Gbohùngbohùn inú yàrá ni fóòmù ń pa, kì í dá ohùn dúró kó má jáde. Páálí ẹyin kò sì ṣe èyí, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe tọ̀hún. Ohun tó wúwo tí kò sì ní ihò ló ń dá ohùn dúró. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì lè gé nǹkan bí 45 décíbẹ̀lì kúrò lára ohùn, ṣùgbọ́n fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ilẹ̀kùn náà ń jò. Èyí tí àwọn èèyàn kì í rò rárá ni òkè àjà: nínú ọ̀pọ̀ ilé face-me-I-face-you, ìdí àjà ni ògiri tó pín yàrá ti parí, wọn kò mọ ọ́n kan páànù. Ohùn á gòkè, á gba orí àjà, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá kejì bí ìgbà tí olórin dúró síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò le. Olórin á ti fèrèsé, á ká aṣọ tó nípọn sí abẹ́ ilẹ̀kùn, á sì pa fáànù. Á gbé mátírẹ́ẹ̀sì nàró sẹ́yìn ara rẹ̀, á ṣí wọ́dúróòbù tó kún fún aṣọ, á kọjú sí i, á sì gbé máìkì sáàárín. Á na ìbọ̀sẹ̀ obìnrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ wáyà hángà tó ti tẹ̀ róbótó, kí èémí "p" àti "b" má baà gbá máìkì. Níbi ìbú ọwọ́ kan ni á dúró sí. Tí ẹnu bá fi ìlàjì sún mọ́ máìkì sí i, ohùn tó ń wọ inú rẹ̀ á fi bíi décíbẹ̀lì 6 lé, láìjẹ́ pé ọ̀nà ọ̀fun ṣe wàhálà kankan. Máìkì dynamic, irú Shure SM58 tó ti wà láti 1966, dára fún irú yàrá yìí ju máìkì condenser lọ, torí kì í gbọ́ ohun tó jìnnà dáadáa. Condenser á gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ojúlé kẹta. Ooru yóò mú o, òógùn yóò sì bo ojú, nítorí náà ẹsẹ̀ orin kan ni wọ́n ń ká lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó ṣí fèrèsé gba atẹ́gùn.

Orin tó bá gba ariwo kò ṣeé fi ẹ̀sọ̀ kọ. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tó jáde ní 2009 tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ń mójú tó, fi 50 décíbẹ̀lì ṣe òpin lọ́sàn-án fún ilé gbígbé àti 35 lóru. Ẹni tó bá sì ń kígbe orin lè dé 90 nítòsí ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù níbẹ̀, kí olórin lọ bá ará ilé rẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ṣọlá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kọrin díẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀la, kò ní ju wákàtí kan lọ. Ṣé Bàbá Ṣọlá ò ní máa sùn?" Bí Bàbá Ṣọlá bá ń ṣe ṣíìfù òru lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyá Ṣọlá á sọ fún un pé kó sún un di aago márùn-ún.

Fún apá orin tó le jù, àwọn kan ń yá mọ́tò. Mọ́tò tí wọ́n páàkì, tí gíláàsì rẹ̀ ká sókè, ní rọ́bà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbogbo, tìmùtìmù sì kún inú rẹ̀, gbohùngbohùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù á wà lórí itan, máìkì á wà lọ́wọ́, olórin á sì kọ ọ́ tọkàntọkàn.